Ọjọ́ tó wà lórí kúẹ́rì

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí láti ìrọ̀lẹ́ àná. Àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ HR, ìyẹn iṣẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́, lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n ní kí wọ́n wá kọ́ bí èèyàn ṣe ń di aṣáájú nínú iṣẹ́ náà láì sọ ìwà rẹ̀ nù. Olùkọ́ wọn ní kò ju kí èèyàn wá iléeṣẹ́ tí ìlànà rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Lọ́jọ́ tí kò bá bá a mu mọ́, kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Ọmọ yẹn wá fi ránṣẹ́ sí mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé bí ẹ̀yin náà ṣe ṣe é nìyẹn?"

Rárá o. Inú sì ń bí mi pé irú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ wo ló máa kọ ọ́ sára ògiri pé àwọn ń rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ? Gbogbo wọn ló ń pe ara wọn ní olóòótọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé kan síwájú rẹ pé kí o fọwọ́ sí i lo máa tó mọ ibi tí o wà, nígbà yẹn owó ilé ti ń bọ̀, ọmọ sì ti wà ní ilé ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ó ti pẹ́ díẹ̀, mi ò tíì di ọ̀gá nígbà náà, èmi ni mo ń tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́. Obìnrin kan dé láti ìsinmi ìbímọ. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí máníjà rẹ̀ fi wọ ọ́fíìsì wa, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ kí kúẹ́rì mẹ́ta, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń fẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́, wà nínú fáìlì obìnrin náà. Ọ̀kan pé ó ń pẹ́ dé, ọ̀kan pé kì í parí iṣẹ́ lásìkò, ọ̀kan pé ó yájú. Ó ti kọ ọjọ́ tí òun fẹ́ kí n fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí bébà kékeré kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ tó ti kọjá.

Mo gba bébà náà, mo ṣí kàlẹ́ńdà. Lọ́jọ́ tó fẹ́ fún kúẹ́rì àkọ́kọ́, obìnrin yẹn ṣì wà nílé, ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù méjì. Wọ́n fẹ́ kí n fẹ̀sùn kàn án pé ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ìwé ìsinmi tí èmi fúnra mi tẹ̀ sọ pé kó má wá. Máníjà yìí kò tilẹ̀ ka irọ́ náà sí ohun tó yẹ kí òun fara balẹ̀ pa. Obìnrin yẹn kéré lójú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí á mọ ìdí tí wọ́n fi ń wá ìwé. Àdéhùn 183 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe ní ọdún 2000 ní ìsinmi abiyamọ kò gbọ́dọ̀ dín sí ọ̀sẹ̀ 14. Ó tún ní bí wọ́n bá lé abiyamọ lẹ́nu iṣẹ́ nínú ìsinmi náà, tàbí láàárín àkókò kan lẹ́yìn tó padà dé, agbanisíṣẹ́ ló máa mú ẹ̀rí wá pé kì í ṣe torí oyún, ìbímọ tàbí ọmú tó ń fún ọmọ. Ẹni tí kò wá ní ẹ̀rí lọ́wọ́ á máa wá ẹni tó máa bá a ṣe é, ọ̀dọ̀ wa sì ni fáìlì wà.

Mo ní mi ò ní kọ ọ́. Mi ò pariwo. Mo fi kàlẹ́ńdà hàn án, mo nawọ́ bébà rẹ̀ sí i, mo ní ọjọ́ tí mo bá kọ ìwé ni mo máa fi sórí ìwé. Ó ní kí n lọ rò ó dáadáa. Nígbà tí ìgbéga ọdún yẹn jáde, orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Mo sì tún lo ọdún kan àbọ̀ níbẹ̀, torí kò síbi tí mo fẹ́ kó ẹrù lọ.

Àwọn kan máa ní ẹni tó ń sanwó ni HR ń ṣiṣẹ́ fún. Mo ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní 1913, àwọn tó ń mójú tó àlàáfíà òṣìṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ ló kóra jọ ní York, ní ilẹ̀ England, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹgbẹ́ yẹn ló di CIPD, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ HR, tí a ń du ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lónìí. Orí àlàáfíà òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Ní báyìí tí èmi náà ti di ọ̀gá ẹ̀ka, ohun kan wà tí mi ò fi ṣeré: ìwé ìbáwí kankan kò ní wọ fáìlì láìjẹ́ pé ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ti rí i, tó ti fèsì, tó sì ti kọ ọjọ́ tó gbà á sí i pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn máníjà kan kórìíra rẹ̀, wọ́n ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Kó fà á. Ẹni tí kò lè wo ojú òṣìṣẹ́ rẹ̀ kó sọ ohun tó ṣe fún un, kí ló fẹ́ kí n bá òun kọ?

Gbogbo èyí ni mo kọ ránṣẹ́ sí àbúrò mi lálẹ́ àná, inú mi sì dùn sí ohun tí mo kọ. Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní, "Obìnrin náà wá ńkọ́, mà?"

Wọ́n lé e. Ẹlòmíì ló kọ kúẹ́rì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n sì ti tún ọjọ́ ti àkọ́kọ́ ṣe, wọ́n fi ọjọ́ kan sí i tó wà lẹ́yìn ìgbà tí obìnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́, torí èmi ni mo fi kàlẹ́ńdà hàn wọ́n.

Ó tún béèrè bóyá mo sọ fún un. Mi ò sọ. Ọ̀rọ̀ inú fáìlì kì í jáde, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó lò kẹ́yìn, a ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ hàn mí lórí fóònù, mo ń bá a yọ̀ pé ọmọ náà ti ń jókòó.

Mi ò tíì dá àbúrò mi lóhùn.