Pé ọmọ pọ̀ ládùúgbò kò ní kí jẹ́lé-ó-sinmi kún

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni: "Ṣé ẹ ò rí bí ọmọ ṣe kún àdúgbò Òkè-Àró ni? Kò lè má lérò." Irọ́ ni. Wákàtí tí ọmọ kò ní olùtọ́jú ló yẹ kẹ́ ẹ wá.

Ìyá tó ń ta ata ní Ọjà Ọba ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìrọ̀lẹ́ ló ń padà. Kí ni yóò fi iléèwé tó ń tì ní aago 1 ọ̀sán ṣe? Ìdí nìyẹn tí ọmọ oṣù 8 fi ń sùn nínú páálí lábẹ́ àtẹ, tí wọ́n fi ìró bò ó nítorí eṣinṣin. Bí ẹ bá kun ògiri yín láwọ̀ méje, kò kàn án.

Ẹ ya ọjọ́ orí sọ́tọ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti fi ọdún kan ṣáájú praimárì, ìyẹn ọmọ ọdún 5, kún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 3 ni kí ẹ wò dáadáa. Àwọn náà ló ń náni lówó jù, torí ọwọ́ olùtọ́jú kan kò ká ju ọmọ ọwọ́ mẹ́ta, mẹ́rin lọ.

Láti mọ iye ọmọ tó nílò yín, ẹ lọ béèrè láti ilé dé ilé. Bí ilé àdúgbò bá tó 200, ẹ wọ ẹyọ kan nínú márùn-ún márùn-ún. Ẹ má lọ ní aago 10 àárọ̀ o! Ẹni tí ẹ máa bá nílé ni ẹni tí kò nílò yín. Ẹ lọ lẹ́yìn aago 6 ìrọ̀lẹ́, tàbí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà ẹ má béèrè pé "Ọmọ mélòó lẹ bí?" Ẹ ní: "Ta ló kéré jù nílé yìí? Oṣù mélòó ni?" "Ṣé ẹ máa fẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi?" náà kò wúlò, nítorí ojú yín, gbogbo wọn ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Àná ni kí ẹ béèrè: ọwọ́ ta lọmọ wà, láti aago mélòó, èló lẹ fún onítọ̀hún? Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ìyá àgbà, lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ń sanwó fún aládùúgbò, tàbí tó fi àbúrò ti ọmọ ọdún 9, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé àjẹsára ní ilé ìwòsàn ìjọba (ti ọmọ ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14) lè jẹ́rìí sí iye ọmọ ọwọ́ tó wà, àmọ́ ẹ béèrè òpópónà, torí ìyá ọmọ ń wá láti àdúgbò mìíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya àwòrán ọ̀nà tí ìyá kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó ń lọ sí Alágbàká, níbi àwọn iléeṣẹ́ ìjọba, kò ní wọ Màrúwá padà sẹ́yìn láàárọ̀ torí àtigbé ọmọ wá sọ́dọ̀ yín. Bí púpọ̀ wọn bá ń lọ sọ́jà, ìtòsí ọjà ni kí ẹ ti háyà yàrá.