Èsì wa sí oníbàárà tó ra Hoover Constellation àti páálí ohun àfibọ̀ rẹ̀

Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àkókò tí ẹ fi kọ ohun tí ẹ rí. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni ẹ fún ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ Hoover Constellation tí ẹ rà lọ́wọ́ wa. Ẹ ní kò gbéra nílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sọ pé ó ń gbéra. Ẹ ní púlọ́ọ̀gì rẹ̀ tuntun, àti pé ẹnì kan sọ fún yín pé ojúlówó Constellation gbọ́dọ̀ jẹ́ ti 1954. Ẹ tún ní méjì nínú ohun àfibọ̀ méje (búrọ́ọ̀ṣì àti àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n ń fi bọ họ́òsì) tó wà nínú páálí kò bá a mu. Nítorí pé àwọn mìíràn tó ń kó irú ẹ̀rọ yìí jọ yóò ka ọ̀rọ̀ yín kí wọ́n tó rajà, ó tọ́ kí a dáhùn ní gbangba.

Òótọ́ ni pé irú Constellation tí ẹ rà máa ń gbéra. Kò ní táyà rárá. Afẹ́fẹ́ tí mọ́tò fà wọlé, tí báàgì ti sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀, ni wọ́n darí gba abẹ́ rẹ̀ jáde, òun náà ló sì ń tì í sókè díẹ̀, tí yóò fi máa yọ̀ tẹ̀lé ẹni tó bá fa họ́òsì. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yẹn ń fẹ́ ibi tó tẹ́jú. Lórí táìlì, lórí pákó, tàbí lórí rọ́ọ̀gì tí irun rẹ̀ kúrú, ẹ ó rí i bó ṣe ń lọ. Lórí rọ́ọ̀gì onírun gígùn bí èyí tó wà nínú fọ́tò yín, àárín irun ni afẹ́fẹ́ ń gbà sá lọ, ẹ̀rọ á sì jókòó gbọnin-gbọnin. Ẹ tún rántí pé afẹ́fẹ́ kan náà ló ń gbálẹ̀, òun ló sì ń gbé ẹ̀rọ: bí báàgì bá kún, tàbí tí nǹkan bá há sínú họ́òsì, iṣẹ́ méjèèjì ni yóò dínkù pọ̀. Ẹ fi báàgì pépà tuntun tó wà nínú páálí sí i, ẹ gbé e sórí táìlì, kí ẹ tan án láìfi họ́òsì sí i. Tó bá gbéra nígbà náà, tó sì wálẹ̀ nígbà tí ẹ fi họ́òsì sí i, inú họ́òsì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Òórùn rọ́bà tí ẹ mẹ́nu bà wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ tó ti pẹ́ láìṣiṣẹ́.

Ní ti ọdún, 1954 tí wọ́n sọ fún yín ni ọdún tí Hoover gbé Constellation jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí Henry Dreyfuss, ayàwòrán ohun èlò ará Amẹ́ríkà, yàwòrán rẹ̀, ẹni tó ti ṣe ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ Model 150 fún wọn ní 1936. Ọjọ́ orí irú ẹ̀rọ náà nìyẹn, ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì tún yàtọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣe é lọ. Ohun tí a kọ sábẹ́ ọjà wa ni pé wọ́n ṣe tiyín ní Perivale, ní London, ṣáájú 1970, a sì dúró lórí rẹ̀. Ẹ dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ “Hoover Limited, Perivale, Greenford, Middlesex” sí. Ilé-iṣẹ́ funfun ńlá tó wà lẹ́bàá Western Avenue ní ìwọ̀-oòrùn London nìyẹn, tí wọ́n ṣí ní 1933, tí wọ́n sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró níbẹ̀ ní 1982. (Ilé ìtajà Tesco wà níbẹ̀ báyìí; àwa Yorùbá tó ń ra búrẹ́dì níbẹ̀ kò kéré.) Lẹ́yìn náà, ẹ tú púlọ́ọ̀gì, kí ẹ wo wáyà inú rẹ̀: pupa àti dúdú ni. Àwọ̀ tí wọ́n ń lò fún okùn ohun èlò iná ní Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, kí òfin tó yí i padà sí búráùn àti búlúù ní nǹkan bí 1969 sí 1970. Okùn náà sì ni ojúlówó, nítorí pé rọ́bà tó dì í mú lára ẹ̀rọ ṣì wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe fi í síbẹ̀, a kò sì rí àmì pé ẹnikẹ́ni fi síkúrúdíráfà kàn án rí.

Púlọ́ọ̀gì nìkan ni a pààrọ̀, a sì kọ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ọjà náà. Eyín irin rẹ̀ tí wọ́n fi rọ́bà bò dé ìdajì fi hàn pé ti 1980s síwájú ni, ṣùgbọ́n a kì í fi púlọ́ọ̀gì mọ ọjọ́ orí ẹ̀rọ, nítorí pé òun ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa ń pààrọ̀, a kò sì ní ta ohun èlò iná pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì tó ti sán.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹ lè gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ẹ lè gbé e lọ, nítorí pé iná Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún, ti Nàìjíríà sì bá a mu: 230 fóltì (volt) ni. Ẹni tó bá rí Hoover tí wọ́n kọ “North Canton, Ohio” sí lára ni kó ṣọ́ra: iná 120 fóltì ti Amẹ́ríkà nìyẹn ń fẹ́, mọ́tò rẹ̀ á sì jóná. Bó bá jẹ́ “New Berlin, Ohio” ni ẹ rí, ẹ̀rọ náà ti dàgbà gan-an, torí pé 1918 ni wọ́n yí orúkọ ìlú náà padà sí North Canton.

Ó ku ohun àfibọ̀ méjì. A kọ ọ́ pé márùn-ún ni tirẹ̀, pé méjì kù tí a bá nínú páálí kan náà nílé tí a ti rà á, a kò sì gba owó lé wọn. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń mì lórí ọ̀pá ti ilé-iṣẹ́ mìíràn ni. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ti ọ̀pá yín lọ, afẹ́fẹ́ á sì máa jò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ pè ní “ike tó ṣẹ́”, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á nù. Kò ṣẹ́ rárá. Ohun tí wọ́n ń fi so họ́òsì mọ́ Hoover Junior ni, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń nàró: wọ́n á yọ bẹ́líìtì tó ń yí búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi èyí sí i, agbára ìfà á sì gba inú họ́òsì. Àwọn tó ní Junior tí páálí rẹ̀ kò pé ń wá a kiri, ẹ sì lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Bí ẹ bá ti dán an wò lórí táìlì tí kò sì gbéra, ẹ kọ̀wé sí wa lórí ojú ìwé ìbéèrè, kí ẹ so fọ́tò abẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. A ó san owó ìfiránṣẹ́, a ó sì dá gbogbo owó yín padà nígbà tí ẹ̀rọ náà bá dé ọ̀dọ̀ wa.