Òjé Ló Wà Nínú Tìróò: Ẹ Gbé E Kúrò Lójú Ọmọdé

Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe tìróò kò ṣòroó dá mọ̀. Ó ń dán, ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, bí a bá sì fi òòlù lù ú, onígun mẹ́rin-mẹ́rin ló ń fọ́ sí bíi ṣúgà onígun. Òjé àti imí-ọjọ́ ló so pọ̀ di òkúta yìí, ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè ní lead sulfide. Nínú gíráàmù 100 rẹ̀, ó lé ní gíráàmù 86 tó jẹ́ òjé, òjé tí àwọn olórìṣà fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ gan-an. Òun la ń lé sójú ọmọ ìkókó kí ojú rẹ̀ lè mọ́lẹ̀. Ó yẹ kó dópin.

Àwọn tó ń gbèjà tìróò ní ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe irọ́: kì í yòrò nínú omi. Ṣùgbọ́n ọmọ ń fọwọ́ ra ojú, ó sì ń ti ọwọ́ kan náà bọ ẹnu. Omijé pẹ̀lú ní ọ̀nà tó ń gbà ṣàn lọ sí imú àti ọ̀fun. Tó bá ti dé ikùn, omi kíkan ibẹ̀ á já òjé kúrò lára imí-ọjọ́, òjé á wọ ẹ̀jẹ̀. Àgbàlagbà ń gba bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá òjé tó gbé mì. Ọmọdé lè gba tó ìdajì. Kálísíọ́ọ̀mù tí ara rẹ̀ fi ń kọ́ egungun ni òjé ń fara wé.

Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá òjé máíkírógíráàmù 13 (máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ìyẹn mílílítà 100, lára ọmọ oṣù mẹ́fà tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un, ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ òjé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà tó mílílítà 600, gbogbo òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún kò ju máíkírógíráàmù 78 lọ. Ìyẹ̀fun òkúta yìí tí kò tóbi ju hóró iyọ̀ kan lọ ní òjé tó lé ní máíkírógíráàmù 150 nínú.

Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa ṣeré lọ láìsí àmì kankan, kí ọpọlọ rẹ̀ sì máa bà jẹ́. Bí òjé bá pọ̀ gan-an, gìrì ni, àwọn kan á sì máa wá àgbo gìrì kiri.

Kì í ṣe gbogbo tìróò ọjà ló jẹ́ òkúta; òmíràn, dúdú èéfín àtùpà ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: inú ìgò kékeré kan náà ni wọ́n ń rọ méjèèjì sí, kò sí àkọlé, ẹni tó ń tà á pàápàá kò mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Wọ́n ní ká bù ú sómi, pé èéfín á léfòó, òkúta á rì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá pò wọ́n pọ̀, omi ò ní sọ fún ẹ.

NAFDAC ló ń bójú tó ohun ìṣaralóge. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ wọn ni kí wọ́n máa mú tìróò lọ́jà ṣàyẹ̀wò, kí wọ́n má jẹ́ kí èyí tí kò ní àkọlé wà lórí àtẹ, kí wọ́n sì bá àwọn ìyálọ́jà jókòó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjà ọlọ́jà. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí nọ́ọ̀sì máa bi ìyá ọmọ pé: "Kí lẹ ń lé sójú ọmọ yìí?" Bó bá jẹ́ tìróò, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà láti inú iṣan fún àyẹ̀wò; èyí tí wọ́n gún ní orí ìka lè jẹ́ òjé ara awọ ni yóò gbé jáde. Oògùn tó ń fa òjé jáde kì í sábà wáyé àfi tí òjé bá tó máíkírógíráàmù 45 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Lábẹ́ ìyẹn, kí ọmọ bọ́ lọ́wọ́ tìróò ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní áyọ́ọ̀nù (iron) àti kálísíọ́ọ̀mù.

Èyí tó bá kù nílé, ẹ má sun ún níná o: iná á sọ ọ́ di èyí tó tètè ń yòrò nínú ara. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ fi aṣọ tútù nu ibi tó dà sí dípò kí ẹ gbá a, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọmọ. Àgbà tó bá ń fẹ́ ojú dúdú lè lo dúdú èéfín. Ojú ọmọ ìkókó ò nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì.