Ìrù Bonanza: kì í ṣe bí ẹ ṣe sọ ọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìrù Bonanza, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí ilé-iṣẹ́ Beechcraft ṣe, tó dà bíi lẹ́tà V máa ń já fúnra rẹ̀ lófuurufú, àti pé kò sẹ́ni tó tún un ṣe rí. Ìdajì ọ̀rọ̀ yín nìkan ló jóòótọ́. Láti orí irú Bonanza tí wọ́n ń pè ní C35, lọ́dún 1951, Beechcraft mú ìrù náà fẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n wọn ò sún ọ̀pá tó gbé e dúró. Etí iwájú wá yọ síta láìní ohun tó dì í mú dáadáa. Bí ọkọ̀ bá sáré kọjá ààlà, etí yẹn lè lọ́, kí ìrù sì fọ́. Kò já lásán.

Pé wọn ò tún un ṣe ńkọ́? Rárá o. Lọ́dún 1987, FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí wọ́n fi irin di etí náà mú, ìfọ́ sì dín kù gan-an.

Ohun tó ń dá mẹkáníìkì lágara ni awọ màgnísíọ̀mù (irin fúyẹ́ kan) tó bo àwọn abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn ìrù, ìyẹn apá tó ń yí láti darí ọkọ̀. Ó máa ń jẹrà, ìrọ́pò rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá tiẹ̀ kàn kùn ún lọ́dà lásán, àfi kí ẹ tún ìwọ̀n rẹ̀ yẹ̀ wò.