Ajá Tó Lẹ́ni Lẹ́yìn

Àwọn àgbà ní ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn a máa pa ọ̀bọ. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni òwe yìí kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìgboro. Ajá kò gbọ́n ju ọ̀bọ lọ, kò mọ igi í gùn, bẹ́ẹ̀ ni eyín ọ̀bọ kì í ṣe eyín àfiṣeré. Ohun tó ń fún ajá láyà ni pé ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọdẹ lẹ́yìn, ó ń gbọ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ti ń pe orúkọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ìbọn ń bọ̀. Lóde òní, olóṣèlú àti ọmọ olówó la sábà ń pa òwe náà mọ́, débi pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ajá tó wà nínú rẹ̀. Ajá gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí kò lẹ́ni lẹ́yìn mọ́ ní ìgboro Àkúrẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń di aláìlẹ́ni kò ṣòro. Ayálégbé kan yóò kó kúrò ní Ìjọ̀kà tàbí ní Ọ̀bá-Ilé, yóò di fìríìjì àti àga sínú ọkọ̀, yóò sì fi ajá sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Onílé kò lé e, kò sì bọ́ ọ. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, eégbọn á ti kún etí rẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ á sì ti ṣeé kà. Irú rẹ̀ kan dùbúlẹ̀ sí ojú gọ́tà lẹ́yìn ilé ìlọta kan ní àdúgbò wa, abo ni, ó ń lá omi ata tó ń ṣàn jáde láti ibẹ̀. Ikùn rẹ̀ ti wú, ìrù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìdí, eṣinṣin sì bò ó. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló gbà pé oyún ni. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nítòsí gbé abọ́ omi fún un, ajá náà mu ún tán láìmí, ó sì bì í padà lójú ẹsẹ̀.

Bàbá kan tó jókòó níwájú ilé kígbe pé, “Ìwọ ọmọ yìí, fi í sílẹ̀ o! Aboyún ajá a máa gé èèyàn jẹ.”

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Kò jọ oyún lójú mi, nítorí ohun tó ń kán lára rẹ̀ ń rùn.”

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Abo ajá tí a kò yọ ilé-ọmọ rẹ̀ lè ní àìsàn kan ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìgbà tó wá akọ: kòkòrò àìsàn á wọ ilé-ọmọ, ọyún á sì kún ún. Ẹ ó rí i tí ó ń mu omi bí ẹni tí òùngbẹ fẹ́ pa, tí kò jẹun, tí ó ń bì, tí ara rẹ̀ rọ. Bí ẹnu ilé-ọmọ bá ṣí, ọyún á máa kán jáde. Bí ẹnu ilé-ọmọ bá pa dé, ẹ kò ní rí nǹkan kan níta, èyí ló sì léwu jù, nítorí pé ilé-ọmọ lè bẹ́ sínú ikùn. Ohun tó ń wò ó sàn jù lọ ni iṣẹ́ abẹ kíákíá, kí dókítà ẹran yọ ilé-ọmọ àti ilé-ẹyin kúrò pátápátá, lẹ́yìn tí ó bá ti fa omi àti oògùn apakòkòrò sí ajá náà lára. Lóòótọ́, ilé ìwòsàn ẹran ńlá wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ajá tó wà nírú ipò yìí lè kú kí ọkọ̀ tó dé Iléṣà. Dókítà ẹran tó wà nítòsí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ.

Ibi tí ìmọ̀ràn mi wà nìyí: kí ẹ tó wá owó, ẹ wá ilé. Mo mọ̀ pé etí lè má gba ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ajá ń mí gúlegúle lójú ẹni. Àmọ́ owó rọrùn í rí ju ilé lọ. Fi àwòrán ajá náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp lálẹ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí á fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà ránṣẹ́. Bi gbogbo wọn pé ta ni yóò gbà á sílé, kí o wá rí bí ojú ìwé náà ṣe máa pa rọ́rọ́. Iṣẹ́ abẹ kò lè gbà ju wákàtí díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ajá tó bá rí ìtọ́jú lè lo ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Ẹni tó bá gbé e dé orí tábìlì dókítà láìní ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn náà, ojú gọ́tà kan náà ló ń tún un ṣe fún. Bí ẹ kò bá tíì rí ilé títí ayé, ó kéré tán kí ẹ rí ẹni tí yóò gbà á fún oṣù kan, kí onítọ̀hún sì fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ẹ fi ojú wò ó pé yóò gbà.

Ẹ má fi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá kan nítòsí yunifásítì FUTA ṣe ẹni náà, bó ti wù kí àánú rẹ̀ pọ̀ tó. Ìsinmi á dé, yóò lọ sílé. Ẹ wá ilé tó ní ọgbà, tí ẹnì kan máa ń wà níbẹ̀ lọ́sàn-án, tí olórí ilé sì mọ̀ sí i. Àwọn kan á dé tí wọ́n á gba ọ̀rọ̀ náà kanrí, àwòrán ni wọ́n kàn fẹ́ yà. Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn, tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ olówó ajá tún wà níbẹ̀. Ajá tó ń kú lọ kì í ní bàbá, àfi ìgbà tó bá sanra tán. Ẹ rán àgbàlagbà sí ẹni tó ni ín, kí ó sọ pé, “Ẹ kú ilé, mà. Ajá yín ló gbé wa wá. Bí ẹ bá lè wò ó, a ó ràn yín lọ́wọ́. Bí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa.” Bí olówó ajá bá yọ̀ǹda rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ sí ìwé níṣojú ẹlẹ́rìí. Òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà ń lò sọ ní abala 495 pé ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí kí ó san ₦50, tàbí méjèèjì. Owó yẹn kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù mọ́, nítorí náà ẹnu àgbà ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ní Oǹdó, wọ́n ń fi ajá bọ Ògún, àwọn kan sì ń jẹ ẹ́. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí olówó ajá bá ní òun fẹ́ tà á fún alápatà, ẹ sọ fún un pé ajá tó kún fún ọyún kò yẹ fún òrìṣà, kò sì yẹ fún ìkòkò ọbẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ajá tí ìrora ń bá jà lè gé ẹni tó fẹ́ gbà á là jẹ. Ẹ fi aṣọ di í lẹ́nu bí kò bá máa bì tàbí mí fúùfúù, kí ẹ gbé e sórí pákó pẹlẹbẹ. Bí ó bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ náà, nítorí pé ẹni tí àmì àìsàn yẹn bá ti hàn lára rẹ̀ kì í sábà yè é. Ẹ má fún ajá ní ibuprofen inú báàgì yín. Ó ń ba inú àti kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa á lára nítorí èéyi.

Ẹni tó bá gba ajá náà sílé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún un: oògùn tó kù àti wákàtí rẹ̀, ike tí wọ́n so mọ́ ọrùn ajá, tí kò gbọdọ̀ tú kí ajá má baà lá ojú ọgbẹ́, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, nítorí pé ẹran tí ebi ti pa pẹ́ kì í lè gba àjẹyó lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ tí wọn yóò yọ okùn ojú ọgbẹ́, tí ó sábà máa ń jẹ́ láàárín ọjọ́ 10 sí 14, àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi nígbà tí ara rẹ̀ bá le. Kí ẹni tó ń san owó oúnjẹ oṣù àkọ́kọ́ sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà.