Irọ́ Ni Pé Ẹnì Kan Kò Lè Dá Rin Fez

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìsàlẹ̀ Kòtò, ní Ìlọrin, mo tún gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọkùnrin kan tó ń múra ìrìn àjò sọ pé òun máa gba Mòrókò kọjá, òun á sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Fez láti lọ ṣe síyárà níbi tí wọ́n sin Ṣéù Ahmad Tijani, ẹni tó dá ọ̀nà Tijaniyya sílẹ̀, sí. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, Àlàájì kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún ti gbé abọ́ ìrẹsì sílẹ̀. "Ìwọ nìkan? Ní Fez? Ẹni tó bá dá wọ ìlú yẹn láìmú gáìdì, àwátì ni." Gbogbo agbo mi orí. Ẹnì kan fi kún un pé àbúrò ọ̀rẹ́ òun ṣìnà níbẹ̀ bí ẹni tó wọ igbó kìjikìji.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?" Wọn ò débẹ̀ rí. Mo bi ẹnì kejì pé níbo ni àbúrò ọ̀rẹ́ rẹ̀ sùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣìnà. Ó ní inú ilé ìtura tó gbà ni. Ìyẹn ni pé ọkùnrin náà wọ ìlú, ó rìn ín, ó sì padà wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìdajì tó ń dẹ́rù bani nìkan ló dé Ìlọrin.

Ọ̀rọ̀ yìí sú mi nítorí pé mo ti débẹ̀. Èmi nìkan. Iṣẹ́ ló gbé mi dé Casablanca. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọjọ́ díẹ̀ ṣẹ́kù kí bàálù mi tó gbéra, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Fez ní ìrọ̀lẹ́, mo sùn, mo sì fi odindi ọjọ́ kejì rin ìlú àtijọ́ náà láti àárọ̀ títí di Iṣai. Mi ò gba gáìdì. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo yọ fóònù láti wo máàpù, kò sì wúlò fún mi lẹ́ẹ̀mejèèjì, torí ògiri ilé ibẹ̀ ga, ọ̀nà sì tóóró, fóònù ò mọ ibi tí mo dúró sí.

Àwọn tó ń dẹ́rù bani máa ń sọ pé ọ̀nà tóóró inú ìlú náà ju 9,000 lọ, pé mọ́tò ò wọ ibẹ̀, pé àwọn ọmọ ìta pọ̀. Ó dáa. Kí ni ìyẹn wá fi hàn? Púpọ̀ nínú ọ̀nà wọ̀nyẹn ni ojú agbo ilé lásán, wọ́n á wọlé díẹ̀, wọ́n á sì dópin síwájú ilẹ̀kùn onílé. Ọmọ Ìlọrin mélòó ló ti wọ gbogbo agbo ilé láti Pàkátà dé Òkèlèlè? Àlejò tó wá kí Ẹ́míà ò nílò wọn. Ọjà Ọba ló ń wá, ọ̀nà Ọjà Ọba ló sì máa gbà. Ní ti àwọn olè, ẹni tó bá ti ra ọjà rí láàárín èrò mọ bí a ṣe ń di àpò mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Ẹnubodè tí ọ̀pọ̀ àlejò ń gbà wọlé ni Bab Bou Jeloud. Aláwọ̀ búlúù ni lójú ìta, aláwọ̀ ewé ni lójú inú. (Gbogbo ènìyàn ló ń ya fọ́tò rẹ̀ bí ohun àtayébáyé, bẹ́ẹ̀ ọdún 1913 ni wọ́n kọ́ ọ, lẹ́yìn tí Faransé dé. Ní Fez, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Fez Tuntun gan-an, ọdún 1276 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ọmọdé ni ẹnubodè yìí láàárín wọn.) Bí o bá ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ọ̀nà ńlá méjì ló ń lọ sínú ìlú: Talaa Kebira àti Talaa Sghira.

Ẹni tó bá ka kéwú, kó dúró gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa. Ṭalaʿa: ó yọ, ó gòkè. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni Àlùkùránì lò fún yíyọ oòrùn. Kebira ni ńlá, Sghira ni kékeré. Ìgòkè Ńlá àti Ìgòkè Kékeré. Orúkọ ọ̀nà ti sọ fún ọ bí o ṣe máa padà! Ẹnubodè ló wà lókè. Mọ́ṣáláṣí Qarawiyyin, ọjà, àti odò ló wà nísàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, àárín ìlú lò ń lọ. Bí orúnkún rẹ bá ti ń mọ̀ ọ́n lára, ẹnubodè lò ń padà sí. Mo dán an wò. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yà sínú ọ̀nà tóóró tí mi ò mọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo wá ibi tí ilẹ̀ ti ń dagẹ̀rẹ́, mo tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo já sí ojú ọ̀nà ńlá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kódà bí ìgòkè bá sú ọ, gbàgede kan tí wọ́n ń pè ní Rcif wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá tí takisí pupa ń dé. Wàá wọ ọkọ̀ níbẹ̀, á gbé ọ yí ìta odi lọ.

Ohun tó sì ń dùn mí ni pé àwa ni a ń bẹ̀rù rẹ̀. Báwo la ṣe ń júwe ilé ní Ìlọrin? Òkè Àpómù. Ìsàlẹ̀ Àlùkò. Ìsàlẹ̀ Kòtò tí a jókòó sí nígbà tí Àlàájì ń sọ̀rọ̀ yẹn. Odò Àṣà pín ìlú wa sí méjì, a sì mọ ẹni tó wà lápá ibí àti ẹni tó wà lápá ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Fez ṣe bẹ̀rẹ̀: ìlú méjì tí odò là láàárín. Àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Córdoba ní ọdún 818 tẹ̀dó sí apá kan, àwọn ìdílé tó wá láti Kairouan ní Tùnísíà tẹ̀dó sí apá kejì. Lára wọn ni Qarawiyyin ti gba orúkọ. Ìlú tí wọ́n kọ́ fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ni. Òkè, ìsàlẹ̀, odò. Ọmọ Ìlọrin kì í ṣe àjèjì sí i.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ni imú àti etí. Iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àdúgbò rẹ̀, orúkọ iṣẹ́ náà sì ni orúkọ àdúgbò. Attarine ni ti àwọn tó ń ta lọ́fínńdà àti èròjà ọbẹ̀. Nejjarine, ti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Seffarine, ti àwọn tó ń lu idẹ àti bàbà. Ẹni tó bá ń lọ sí Dada níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò nílé wa, èéfín ló máa kọ́kọ́ kí i kó tó rí ìkòkò kankan. Bákan náà ni ti Fez. Lẹ́yìn tí mo kúrò ní Nejjarine, mo yà síbi tí kò yẹ, mo dé iwájú ògiri. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn mi orí sí mi pé ọ̀nà ti dí. Mo padà sẹ́yìn, mo dúró, mo dákẹ́. Mo gbọ́ ìró òòlù: kan-kan-kan, kan-kan. Mo tẹ̀ lé ìró yẹn títí mo fi já sí gbàgede Seffarine, níbi tí àwọn ọkùnrin jókòó sábẹ́ igi tí wọ́n ń lu agbada bàbà, ẹ̀gbẹ́ ilé ìkówèésí Qarawiyyin gan-an. Ṣíṣìnà tí wọ́n ń fi dẹ́rù bani nìyẹn. Kò gbà mí tó àkókò tí a fi ń ṣe àlùwàlá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì sọ fún mi lójú ọ̀nà pé ọ̀nà tí mò ń gbà ti dí, kí n tẹ̀ lé àwọn. Kò dí. Mo ní "lā, shukran," mo sì ń bá ọ̀nà mi lọ, wọ́n padà lẹ́yìn mi. Àwọn irú èyí ló sọ ìlú náà di ohun ẹ̀rù, torí pé ẹni tí ẹ̀rù bá bà ló máa sanwó. Gbogbo àwọn yòókù, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ń da ìbaaka á pariwo "Bálák!" lẹ́yìn rẹ, ìwọ á sì mọ̀ pé àgò ló ń ké, wàá yà fún un. Nígbà tí wọ́n rí fìlà mi àti àwọ̀ mi, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Tijani?" Kí n tó dáhùn, ọwọ́ wọn ti nà sí ibẹ̀. Ọdún 1798 ni Ṣéù dé Fez, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1815. Láti ìgbà náà wá ni àwọn ènìyàn dúdú ti ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn bàbá wa ló la ọ̀nà yẹn, kí ni a tún ń bẹ̀rù?

Ìrun Àìlà bá mi ní Qarawiyyin. Ìtàn sọ pé obìnrin kan, Fatima al-Fihri, ló fi ogún tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kọ́ ọ ní ọdún 859. Mùsùlùmí nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé. Nígbà tí mo ń bọ́ bàtà, ọ̀wọ́ àwọn arìnrìn-àjò kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, gáìdì wọn gbé àsíá kékeré sókè, wọ́n na ọrùn wo àgbàlá, wọ́n ya fọ́tò, ó ní kí wọ́n máa bọ̀. Kò pé ìṣẹ́jú méjì. Èmi kírun, mo jókòó ti òpó kan, mi ò dìde títí Alaasari fi ń sún mọ́lé. Ta ni ì bá jẹ́ kí n jókòó bẹ́ẹ̀ ká ní mo tẹ̀ lé agbo?

Mo mú Àlùkùránì kan lórí pẹpẹ, mo ṣí i, ọkàn mi sì gbọ̀n. Àmì kan ṣoṣo lábẹ́ lẹ́tà fá, àmì kan ṣoṣo lórí lẹ́tà káfù. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí wàláà bàbá bàbá mi nìyẹn. Àwọn tí wọ́n kọ́ kéwú láyé òde òní, tí Àlùkùránì tí wọ́n tẹ̀ ní ilẹ̀ Lárúbáwá nìkan ni wọ́n mọ̀, á rò pé àṣìṣe ni. Kì í ṣe àṣìṣe. Ìlà kíkọ ti Mòrókò àti ti ilẹ̀ wa, ẹbí ni wọ́n. Nígbà tí ó di Màgáríbà, tí wọ́n jókòó yíká tí wọ́n ń ka ísíbù, ìpín kan nínú Àlùkùránì, pọ̀ ní ohùn kan ní ìlànà kíkà tí wọ́n ń pè ní Warsh, kíkà tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Mo sunkún níbẹ̀. Kò sí gáìdì tó lè fi ìyẹn hàn mí, torí kò mọ bàbá bàbá mi.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ ní Chouara, mi ò ní fi àkókò ṣòfò lé e lórí. Gbogbo ayé ló ti rí fọ́tò àwọn kòtò aláwọ̀ yẹn. Ìgbẹ́ ẹyẹlé àti ẹfun ni wọ́n fi ń rọ awọ, òórùn rẹ̀ le, wọ́n á fún ọ ní ewé míǹtì kí o fi sí imú, wọ́n á sì fẹ́ kí o ra báàgì. Bou Inania ló dára jù ú lọ fún mi: ilé-kéwú tí ọba Abu Inan kọ́ láàárín ọdún 1350 sí 1355, igi fífín, òkúta fífín, ilé gogoro ìpèrun tirẹ̀. Láàárín ọ̀nà Talaa méjèèjì ló wà, ilé gogoro yẹn náà sì ni mo fi mọ̀ nígbà tí mò ń padà lálẹ́ pé mo ti fẹ́ dé òkè.

Mo gbà pé ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá, tí kò sì gbọ́ Faransé, á rí i pé ó nira fún òun díẹ̀ ju bó ṣe rí fún mi lọ. Síbẹ̀, ilẹ̀ tó ń dagẹ̀rẹ́ kò nílò èdè.

Nígbà tí wọ́n tú ká níbi ìsọmọlórúkọ, mo pe ọmọkùnrin yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gba bírò, mo fa ìlà kan ṣoṣo sẹ́yìn ìwé ìpè, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀: Bou Jeloud, Bou Inania, Attarine, Qarawiyyin, Seffarine, Rcif. Mo fi àmì kan sí ẹ̀gbẹ́ Qarawiyyin, mo kọ Tijani síbẹ̀. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìlà kan yìí náà ni?" Mo ní òun náà ni. Ó ká a, ó fi í sínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀.