Interceptor CDI ń ṣiṣẹ́ lórí session bean o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, èyí tẹ́ ẹ sọ pé interceptor CDI (kóòdù tó ń dá sí ìpè mẹ́tọ́ọ̀dù, bíi láti ṣe logging; CDI ni ètò Java tó ń so àwọn bean pọ̀) ò lè ṣiṣẹ́ lórí session bean EJB (kíláàsì iṣẹ́ tí sáfà Java ń bójú tó), pé àfi kéèyàn mú ọ̀kan kó ju ìkejì nù, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Látìgbà tí Java EE 6 ti jáde ní 2009 ni CDI ti ń ka session bean mọ́ tiẹ̀, ì báà jẹ́ @Stateless, @Stateful tàbí @Singleton.

Beans.xml, fáìlì tá a ti ń kọ orúkọ interceptor tí CDI máa lò, ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Èmi gan-an jókòó sí Tanke lálẹ́ ọjọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo létí mi, logging mi ò tẹ nǹkan kan jáde, mo ti fẹ́ máa bú Java kí n tó rí i pé mi ò kọ orúkọ interceptor náà síbẹ̀. Láti Java EE 7, tẹ́ ẹ bá ti fi @Priority (àmì tó ń sọ ipò interceptor) sórí kíláàsì interceptor yẹn, ó tó.

Mo fura sóhun tẹ́ ẹ rí ṣá. Tí mẹ́tọ́ọ̀dù kan bá pe èkejì nínú bean kan náà, interceptor ò ní mọ̀ sí i. Ó dà bíi máígádì tó wà ní géètì: ẹni tó ti wà nínú ilé tó ń ti pálọ̀ lọ sí kíṣìnnì, kí ló kàn án? Ẹ fi getBusinessObject ti SessionContext (ohun tí sáfà ń fún bean láti fi bá a sọ̀rọ̀) pè é, ẹ óò rí i pé á ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà méjì la fi ń so interceptor mọ́ bean: @Interceptors, tó ń dárúkọ kíláàsì interceptor ní tààràtà, àti binding, àmì tí CDI ń lò. Tẹ́ ẹ bá sì lo méjèèjì pọ̀, ti @Interceptors ló máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí ti binding tó tẹ̀ lé e.